Oúnjẹ, Oògùn tàbí Àfikún? Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Àgbà Ológbò tí ó ní Àìsàn Kíndìnrín

1.0 Ìfáàrà

Orúkọ tí a bá fún nǹkan ni ó ń tọ́ ẹni tí yóò lò ó sọ́nà nípa ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bèèrè. Bí a bá pe nǹkan ní oúnjẹ, a ó bèèrè bóyá ó ń yó ni àti bóyá ó ń ṣara lóore. Bí a bá pè é ní oògùn, a ó bèèrè irú àìsàn tí ó ń wò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó wà lórí àtẹ lónìí, tí a ń tà fún ènìyàn àti fún ẹranko, tí kì í ṣe oúnjẹ gidi, tí kì í sì í ṣe oògùn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n ní ‘supplement’. Ní Yorùbá, ẹnu wa kò tíì kò lórí ohun tí a ó máa pè wọ́n, àìkò ẹnu yìí sì ń fa ìpalára.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Kí a gbà pé ìyá àgbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ní Bódìjà ní ìlú Ìbàdàn. Ó ní ológbò kan tí ó ti pé ọmọ ọdún 13. Ológbò náà ń rù. Ó ń mu omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Èrìgì rẹ̀ tí ó máa ń pọ́n tẹ́lẹ̀ ti funfun. Ìyá yìí rò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí àwọn aboyún ń mu. Aládùúgbò kan ní kí ó lọ aáyù sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí ó wá epo ẹja fún un. Ire ni gbogbo wọn ń fẹ́ fún ẹranko náà. Síbẹ̀, nínú ohun mẹ́ta yìí, ọ̀kan kò dé ibi tí àìsàn náà ti ṣẹ̀ wá. Èkejì lè ba èyí tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò náà jẹ́. Ẹ̀kẹta lè ṣe é ní oore tàbí kí ó pa á lára, gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ tí a bá fún ‘epo ẹja’.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, àwọn atúmọ̀ èdè àti àwọn oníṣègùn ẹranko máa lò nígbà tí wọ́n bá ń bá ẹni tí ó ni ẹranko sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. A yan àìsàn kíndìnrín nítorí pé ó wà lára àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àgbà ológbò. A ó máa lo ‘ológbò’ jálẹ̀ iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ‘ológìnní’ àti ‘músù’ náà tọ̀nà.

2.0 Ìlànà tí a tẹ̀lé

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Ní 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, nípa èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Àwọn ọ̀nà tí a ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti di mímọ̀: àpèjúwe, bí ‘amúaradàgbà’, ìfẹ̀lójú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, bí ‘bárakú’, àkànpọ̀ ọ̀rọ̀, àti àyálò, bí ‘fítámì’.

Ohun méjì ni a sábà máa ń fi díwọ̀n ọ̀rọ̀ tuntun. Èkíní ni pé kí ó yé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Èkejì ni pé kí ó ya ohun tí a ń sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun mìíràn. A dábàá pé nínú ọ̀rọ̀ ìlera, kí a fi ẹ̀kẹta kún un, èyí tí a pè ní òṣùwọ̀n ààbò: ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ ti ẹni tí ó gbọ́ ọ sí ìṣe tí yóò pa á lára, tàbí tí yóò pa ẹranko rẹ̀ lára. Ọ̀rọ̀ lè yéni yékéyéké, kí ó sì dùn létí, síbẹ̀ kí ó kùnà nípa ti òṣùwọ̀n kẹta yìí.

3.0 Àìsàn bárakú àti ọjọ́ ogbó

Ọ̀rọ̀ náà ‘bárakú’ ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. A máa ń sọ pé sìgá ti di bárakú fún ẹnì kan, èyí ni pé ó ti mọ́ ọn lára dé ibi pé kò rọrùn láti jáwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ ìtumọ̀ yìí lójú dé ọ̀rọ̀ ìlera, àìsàn bárakú ni àìsàn tí ara ń bá gbé fún oṣù tàbí ọdún. Òdì-kejì rẹ̀ ni àìsàn òjijì. Ọ̀rọ̀ yìí yege nínú òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń tú u sí ‘àìsàn líle’, àwọn mìíràn sì ń tú u sí ‘àìsàn àìgbóògùn’. Méjèèjì kò tọ̀nà. Àìsàn òjijì lè le ju àìsàn bárakú lọ. Ní ti ‘àìgbóògùn’, òótọ́ ni pé kíndìnrín tí ó ti bàjẹ́ báyìí kì í padà sípò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ológbò ni ó ń lo oṣù púpọ̀ tàbí ọdún mélòó kan sí i bí ìtọ́jú wọn bá péye. Ẹni tí a bá sọ fún pé àìgbóògùn ni àìsàn ẹranko rẹ̀ lè padà sílé kí ó sì káwọ́ gbera. A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kùnà nípa ti ààbò.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ogbó. A ń ka ológbò mọ́ àgbà bí ó bá ti kọjá ọdún 10. Àgbà kì í ṣe àìsàn. Bí a bá ní, ‘Ọjọ́ ogbó ni ó ń bá a jà,’ a ti ti ilẹ̀kùn àyẹ̀wò. Òǹgbẹ àìmọ́ra, rírù àti èébì kì í ṣe àmì ogbó. Àmì àìsàn ni wọ́n, wọ́n sì ń fẹ́ àlàyé.

4.0 Iwe tàbí kíndìnrín?

Nínú Bíbélì Yorùbá, ‘iwe’ ni a pe ẹ̀yà ara yìí. Bí ó bá jẹ́ pé jíjẹ́ Yorùbá pọ́nńbélé nìkan ni a ń wá, kì bá sí ìdí láti yá ọ̀rọ̀ lò. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, ohun tí ó ń wá sí ọkàn bí a bá dárúkọ iwe ni iwe adìyẹ, èyí tí ẹyẹ fi ń lọ oúnjẹ. Bí atúmọ̀ èdè bá kọ ọ́ pé ‘iwe ológbò náà kò ṣiṣẹ́ mọ́’, ẹni tí ó kà á lè rò pé oúnjẹ ni kò dà nínú rẹ̀, kí ó sì lọ ra oògùn inú. Nítorí náà ni a ṣe fara mọ́ ‘kíndìnrín’, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àyálò. Ó ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kò sì ní ìtumọ̀ méjì.

5.0 Ohun tí kíndìnrín ń ṣe

A kò lè mọ ohun tí a ó fi kún oúnjẹ àyàfi bí a bá mọ ohun tí ó ti dín. Iṣẹ́ mẹ́rin ni a ó mẹ́nu bà. Èkíní, kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń da ẹ̀gbin rẹ̀ sínú ìtọ̀. Èkejì, ó ń dá omi padà sínú ara kí gbogbo rẹ̀ má baà bá ìtọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, ó ń ṣọ́ ìwọ̀n àwọn èròjà bíi fọ́sífọ́rọ̀sì àti pọtásíọ̀mù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ó ń ṣe ohun kan tí ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú mùdùnmúdùn eegun láti pàṣẹ fún un pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa tuntun. A dábàá ‘apàṣẹ-ẹ̀jẹ̀’ fún ohun yìí.

Nígbà tí kíndìnrín bá ń bàjẹ́, iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò dín kù. Omi yóò máa ṣòfò, èyí ni ó ń fa òǹgbẹ. Fọ́sífọ́rọ̀sì yóò kó jọ. Nínú ọ̀pọ̀ ológbò, pọtásíọ̀mù yóò máa bá ìtọ̀ lọ. Bí ó bá dín jù, iṣan ọrùn lè rọ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹranko náà kò fi ní lè gbé orí sókè dáadáa. Apàṣẹ-ẹ̀jẹ̀ yóò dín, ẹ̀jẹ̀ pupa yóò sì dín pẹ̀lú.

Àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀, ti ìtọ̀ àti ti ìfúnpá. Kirẹ́atíníìnì, ẹ̀gbin kan tí ó ń wá láti inú iṣan, ni a sábà máa ń wọ̀n. Ó ṣe pàtàkì kí olùkọ́ jẹ́ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́ pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára kíndìnrín lè ti lọ kí kirẹ́atíníìnì tó ga kọjá bí ó ti yẹ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kíndìnrín ẹranko lágbàáyé tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IRIS pín àìsàn yìí sí ìpele mẹ́rin. Ní ti ológbò, bí kirẹ́atíníìnì kò bá tó míligíráàmù 1.6 nínú desilítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìpele 1 ni, láti 1.6 dé 2.8, ìpele 2 ni, láti 2.9 dé 5.0, ìpele 3 ni. Bí ó bá ju 5.0 lọ, ìpele 4 ni. Àfikún tí ó dára ní ìpele kan lè léwu ní ìpele mìíràn. Àpẹẹrẹ kan ni pọtásíọ̀mù: bí àìsàn bá ti wọra tán tí ìtọ̀ sì dín kù, ó lè kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀ dípò kí ó máa ṣòfò.

6.0 Àfikún-oúnjẹ àti ìsọ̀rí rẹ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń bá ara wọn du ipò fún ‘supplement’: ‘oògùn’, ‘afúnnilókun’ àti ‘àfikún-oúnjẹ’. ‘Oògùn’ kùnà nítorí pé ó ṣe ìlérí ìwòsàn. ‘Afúnnilókun’ kùnà nítorí pé ó ń jẹ́ kí a rò pé gbogbo ara tí ó bá rẹ̀ ni ó ń fẹ́ ẹ; yàtọ̀ sí èyí, a ti ń lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún oúnjẹ bí iṣu àti ẹ̀bà. ‘Àfikún-oúnjẹ’ ni a fara mọ́. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó ń bí ìbéèrè: a fi kún kí ni? Kí ni ó dín tí a fi ń fi kún un? Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ wà, àti pé àyẹ̀wò ni yóò fi ohun tí ó dín hàn.

A pín ohun tí a ń tà lábẹ́ orúkọ yìí sí ìsọ̀rí mẹ́ta, a sì yọ ohun kan kúrò láàrin wọn.

(a) Àfikún àdípò. Èyí ni ó ń dípò ohun tí àyẹ̀wò tàbí ìmọ̀ fi hàn pé ó dín nínú ara. Pọtásíọ̀mù jẹ́ ọ̀kan. Fítámì B12 jẹ́ òmíràn fún ológbò tí àìsàn bárakú inú ìfun kò jẹ́ kí ó rí i fà mu láti inú oúnjẹ. Abẹ́rẹ́ ni a sábà ń fi í fún irú wọn. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù ni tọríìnì. Ológbò jẹ́ ẹranko tí kò lè ṣe kí ó má jẹ ẹran, ara rẹ̀ kò sì lè ṣe tọríìnì tí ó tó fún un. Ní 1975, Hayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àìtó rẹ̀ ń ba ojú ológbò jẹ́. Ní 1987, Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó ń sọ ọkàn rẹ̀ di aláìlágbára, àti pé ọkàn náà lè padà sípò bí a bá fún un ní tọríìnì. Àfikún wo àìsàn níhìn-ín nítorí pé àìtó ohun kan náà ni ó fa àìsàn. Níbi tí kì í bá ṣe àìtó ohun kan ni ó fa àìsàn, a kò gbọdọ̀ retí irú èyí.

(b) Àfikún ìrànwọ́. Èyí ni ohun tí kò fi dandan dín nínú ara, ṣùgbọ́n tí ìdí wà láti rò pé ó lè ran ẹ̀yà ara kan lọ́wọ́. Ọ̀rá omega-3 láti inú ẹja wà ní ìsọ̀rí yìí. Ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó ti ìsọ̀rí (a).

(d) Àfikún aláìdánilójú. Èyí ni ohun tí a kò tíì dán wò dáadáa, tàbí tí a dán wò tí a kò rí àǹfààní tí a ń polówó. Ní 2011, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí olóore tí a ń tà pé wọ́n ń gbé ẹ̀gbin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò. Nígbà tí a bù wọ́n sórí oúnjẹ, ẹ̀gbin inú ẹ̀jẹ̀ náà kò dín.

Ohun tí a yọ kúrò ni amú-fọ́sífọ́rọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ń tò ó mọ́ àfikún, ṣùgbọ́n kò fi ohunkóhun kún ara. Bí ológbò ti ń mú eku, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú fọ́sífọ́rọ̀sì inú oúnjẹ mọ́lẹ̀ nínú ìfun, tí wọn yóò sì jùmọ̀ bá ìgbẹ́ jáde. Nítorí náà, inú oúnjẹ ni a gbọ́dọ̀ máa fi í sí. Bí a bá fún ẹranko náà nígbà tí kò jẹun, kò rí ohun tí yóò mú. Bí a bá pè é ní àfikún, ẹni tí ó ń lò ó lè rò pé àkókò kì í ṣe nǹkan. Orúkọ tí ó tọ̀nà ni ó ń kọ́ ọ ní ìlò tí ó tọ̀nà.

Lókè gbogbo ìsọ̀rí wọ̀nyí ni oúnjẹ fúnra rẹ̀ wà. Oúnjẹ ìtọ́jú-kíndìnrín ni a ń pe èyí tí fọ́sífọ́rọ̀sì rẹ̀ kéré, tí amúaradàgbà rẹ̀ sì wà níwọ̀n. Ní 2006, Ross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí ológbò 45 jáde, èyí tí ó gba ọdún 2. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó jẹ oúnjẹ ìtọ́jú-kíndìnrín tí ẹ̀gbin ẹ̀jẹ̀ dá wó; nínú àwọn tí ó jẹ oúnjẹ lásán, nǹkan bí 26 nínú 100 ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Kò sí àfikún kan tí ó ní irú ẹ̀rí yìí. Ní Ìbàdàn, orí ẹja gbígbẹ àti edé ni ọ̀pọ̀ ológbò ń jẹ. Eegun ẹja kún fún fọ́sífọ́rọ̀sì. Bí a bá ń ra àfikún olówó iyebíye, tí a sì tún ń fi orí ẹja gbígbẹ bọ́ ẹranko náà, ńṣe ni a ń pọn omi sínú agbọ̀n.

7.0 Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ń tan ni jẹ

7.1 Oògùn ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ yìí. Ohun tí ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni èròjà irin àti fítámì. Ó wúlò bí ó bá jẹ́ pé irin ni ó dín. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn kíndìnrín, ohun tí ó dín jù lọ ni àṣẹ, kì í ṣe irin. Ẹni tí ó bá kó bíríkì jọ síwájú bíríkìlà tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ó mọlé kò tíì kọ́lé. Irin tí ó bá pọ̀ jù pàápàá ń ṣe ìpalára. A dábàá pé kí a máa pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní ‘àfikún irin’, kí ìyá àgbà wa ní Bódìjà lè bèèrè bóyá irin ni ó dín lára ológbò rẹ̀.

7.2 Epo ẹja. Ohun méjì ni a fi orúkọ kan pè. Èkíní ni epo tí a fún láti inú ẹran ara ẹja, tí ó ní ọ̀rá omega-3. Èkejì ni epo tí a fún láti inú ẹ̀dọ̀ ẹja kọ́ọ̀dù, irú èyí tí ọ̀pọ̀ òbí ti fi ṣíbí bù fún ọmọ wọn. Epo kejì yìí kún fún fítámì A àti fítámì D. Fítámì A tí ó bá kó jọ nínú ara ológbò lè mú kí eegun ọrùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Fítámì D tí ó bá pọ̀ jù ń mú kí kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ̀sì ga nínú ẹ̀jẹ̀, fọ́sífọ́rọ̀sì sì ni ohun náà gan-an tí a ń lé jáde. Kí a máa kọ ‘epo ara-ẹja’ fún èkíní, àti ‘epo ẹ̀dọ̀-ẹja’ fún èkejì. Atúmọ̀ èdè tí ó bá fi sílábù méjì wọ̀nyẹn sílẹ̀ ti ṣe àṣìṣe ńlá.

7.3 Ohun àdáyébá. Àwọn tí ń polówó ọjà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, a sì máa ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí a bá ní ‘kò léwu’. Aáyù àti àlùbọ́sà jẹ́ ohun àdáyébá, a sì ń jẹ wọ́n lójoojúmọ́. Síbẹ̀, wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò jẹ́, yálà ní tútù, ní sísè tàbí ní gbígbẹ. Bákan náà, ara ológbò kì í tú àwọn oró kan ká bí ti ènìyàn. Èyí ni ó fà á tí parasitámọ́ọ̀lù fi jẹ́ májèlé fún un. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ènìyàn ń lò fún orí fífọ́ lè pa ológbò. Nítorí náà, kí atúmọ̀ èdè kọ ‘ohun tí a rí láti ara ewéko’, kí ó sì dárúkọ ewéko náà.

8.0 Ìbéèrè márùn-ún ṣáájú rírà

Olùkọ́ lè fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Oníṣègùn sì lè fi wọ́n la ẹni tí ó ni ẹranko lójú.

(i) Kí ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó dín tàbí pé ó pọ̀ jù? Ní Ìbàdàn, ilé-ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Agbowó àti Bódìjà.
(ii) Ìsọ̀rí wo ni ohun yìí wà: àdípò, ìrànwọ́, aláìdánilójú, tàbí amú-fọ́sífọ́rọ̀sì?
(iii) Ṣé ológbò ni a ṣe é fún? Ìwọ̀n tí ó bá ènìyàn mu kò bá ẹranko tí kò wúwo ju kílógíráàmù 4 lọ mu.
(iv) Ṣé gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a kọ sí ara rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé ó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀? Nọ́ńbà yìí ń sọ pé a ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń wo àìsàn kíndìnrín. Bí ó bá jẹ́ pé láti Amẹ́ríkà ni ọjà náà ti wá, kí a rántí pé òfin 1994 tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lórí àfikún-oúnjẹ, ti ènìyàn ni. Ìjọba wọn ṣàlàyé ní 1996 pé kò kan ti ẹranko.
(v) Ṣé ẹranko náà yóò jẹ ẹ́? Bí àfikún bá mú kí ológbò kọ oúnjẹ, ìpalára rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Àgbà ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan ti wà nínú ewu.

9.0 Ìlò nínú ìtumọ̀ àti nínú ọ̀rọ̀ ẹnu

Kí a gbà pé ara ike kan sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ohun inú rẹ̀ ń ṣe àtìlẹ́yìn fún ìlera kíndìnrín ológbò. Bí a bá tú u sí ‘Oògùn kíndìnrín ológbò’, a ti fi ìlérí tí ẹni tí ó ṣe é kò ṣe kún un. Ìtumọ̀ tí a fara mọ́ ni: ‘Àfikún ìrànwọ́ fún ológbò tí ó ní àìsàn kíndìnrín. Kì í wo àìsàn náà, kò sì lè dípò oúnjẹ ìtọ́jú-kíndìnrín.’ Gbólóhùn kejì kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Bí àyè kò bá gba atúmọ̀ èdè láti fi kún un, kí ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àkíyèsí sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀dọ́ oníṣègùn lè bá ìyá àgbà wa sọ̀rọ̀ báyìí: ‘Màmá, ẹ kú ìtọ́jú o. Òótọ́ ni ẹ sọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tí ó yẹ kí ó pàṣẹ pé kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó ti rẹ̀. Àfikún irin tí ẹ rà kò lè pàṣẹ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná, ẹ má sì fún un ní aáyù mọ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yí padà, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé pọtásíọ̀mù dín, a ó fi ìyẹn kún un.’ Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ìyá àgbà kò ní gbọ́ àgbọ́yé, kò sì sí èyí tí oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ní ó pa sáyẹ́ǹsì lára.

10.0 Àkójọ ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Àìsàn bárakú: àìsàn tí ara ń bá gbé fún ìgbà pípẹ́.
Àfikún-oúnjẹ: ohun tí a ń fi kún oúnjẹ tí kì í ṣe oúnjẹ odindi, tí kì í sì í ṣe oògùn.
Àfikún àdípò: àfikún tí ó ń dípò ohun tí ó dín.
Àfikún ìrànwọ́: àfikún tí ó lè ran ẹ̀yà ara lọ́wọ́ bí ohunkóhun kò tilẹ̀ dín.
Àfikún aláìdánilójú: àfikún tí ẹ̀rí kò tì lẹ́yìn.
Àfikún irin: ohun tí a ń pè ní oògùn ẹ̀jẹ̀ nígboro.
Amú-fọ́sífọ́rọ̀sì: ohun tí ń mú fọ́sífọ́rọ̀sì oúnjẹ mọ́lẹ̀ nínú ìfun.
Apàṣẹ-ẹ̀jẹ̀: ohun tí kíndìnrín ń ṣe láti mú mùdùnmúdùn ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa.
Epo ara-ẹja, epo ẹ̀dọ̀-ẹja: epo méjì tí a kò gbọdọ̀ fi rọ́pò ara wọn.
Oúnjẹ ìtọ́jú-kíndìnrín: oúnjẹ odindi tí a pèsè fún ẹranko tí ó ní àìsàn kíndìnrín.

11.0 Ìkádìí

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé yíyan àfikún fún àgbà ológbò kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìtajà. Inú àyẹ̀wò ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ tí a sì pe nǹkan ni ó ń tọ́ka sí àyẹ̀wò náà tàbí tí ó ń fi í pa mọ́. ‘Oògùn ẹ̀jẹ̀’ pa á mọ́. ‘Àfikún irin’ tọ́ka sí i. A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá kò ṣeé tún ṣe. Àwọn oníṣègùn ẹranko tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́ ni yóò mọ èyí tí àwọn ènìyàn gbà àti èyí tí wọn kò gbà. Ohun tí a bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òṣùwọ̀n ààbò wà lára ohun tí a ó fi máa yẹ ọ̀rọ̀ wò láti ìsinsìnyí lọ. Àwọn àgbà ní, bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Ẹranko tí ó ti ṣọ́ ilé fún ọdún 13 tó ẹni tí a ń torí rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí ó péye.